Ọlọ́pàá ní kí àbúrò mi padà sọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú. Kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nAdùnní (Ìkòròdú)

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń lù ú. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ilé dá sí i, wọ́n ní kó gbà fún ọkọ ẹ̀, pé ọmọ ni kó wò, pé ẹ̀yìn ló máa dáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi wáyà ṣájà nà án, ó sì fún un lọ́rùn lójú àwọn ọmọ. Àwọn ará àdúgbò ló já ilẹ̀kùn wọlé tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá la gbà lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ mú bírò. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí lo ṣe fún un?" Wọ́n pe ọkọ lórí fóònù, ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò ní lu ìyàwó òun mọ́, wọ́n ní kí àbúrò mi náà fọwọ́ sí i, wọ́n wá ní kí tọkọtaya máa lọ sílé wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọlọ́pàá kì í dá sí i.

Ọ̀dọ̀ mi lòun àtàwọn ọmọ wà báyìí. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀, káàdì báǹkì, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló wà nílé yẹn, ọkọ sì ń ránṣẹ́ pé tí kò bá padà, òun máa dáná sun ún. Ṣé lóòótọ́ ni òfin ò ní kí ọlọ́pàá dá sí i? Ta la tún lè lọ bá?

Nọ́ọ̀sìBísí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí àwọn tó mọ òfin tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọrùn tí ẹ ní ó fún un. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kí àpá kankan má sí lọ́rùn ẹ̀, kí nǹkan sì ti bàjẹ́ nínú. Ẹ bi í báyìí: ṣé ohùn rẹ̀ há? Ṣé ó ń dùn ún tó bá gbé itọ́ mì? Ṣé ẹyinjú rẹ̀ pọ́n kanlẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn tàbí ó dákú lásìkò yẹn? Ṣé orí ń fọ́ ọ láti ìgbà yẹn, tàbí apá kan ń kú tipiri? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn kọjá lè ti ya díẹ̀, kó wá di àrùn rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ọkọ mi ló lù mí, ó sì fún mi lọ́rùn." Àwọn obìnrin máa ń sọ fún wa pé àwọn ṣubú ní bálùwẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá sọ ni dókítà máa kọ sí káàdì, káàdì yẹn ni wọ́n sì máa gbé dé kóòtù.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ibi tí wáyà ti bà á. Ẹ ya á lónìí, kí ẹ tún yà á ní ọ̀túnla, torí lára àwa dúdú, ibi tó bá wú lè má hàn dáadáa kó tó di ọjọ́ kejì ìkẹta. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe gùn tó. Kí ojú rẹ̀ hàn nínú fọ́tò kan ó kéré tán. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára ẹ̀ tàbí tó bá ya, ẹ má fọ̀ ọ́. Inú bébà ni kí ẹ dì í sí, ẹ má fi sínú nálọ́ọ̀nù, torí ọ̀rinrin máa bà á jẹ́.

BàbáÒṣogbo

Ẹ̀gbọ́nAdùnní, mo bá a yín kẹ́dùn tọkàntọkàn. Kò yẹ kí ọkùnrin gbọ́wọ́ sókè sí ìyàwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bí àgbà. Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá ti ọkọ mọ́lé, ta ló máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ? Tí ìyàwó bá dalémosú, kí ni ará àdúgbò máa sọ? Mo ti rí ilé tó tú nítorí ọlọ́pàá, tí ìyà sì jẹ àwọn ọmọ títí. Ẹ pe ìdílé méjèèjì, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bá ọkọ wí gidi.

Ẹ̀gbọ́nAdùnní

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa dá sí i. Ìdílé ti jókòó. Pásítọ̀ náà ti bá wọn jókòó. Wọ́n bá a wí, ó sunkún, gbogbo wa jẹun tán, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ padà sí. Lẹ́yìn èyí tó jókòó gbẹ̀yìn ló fún un lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Ohùn ẹ̀ há lóòótọ́, ó sì ń dùn ún láti gbé nǹkan mì. A ti ń múra láti lọ sílé ìwòsàn ìjọba.

Agbẹjọ́ròYéwándé

Ẹ má dúró de èsì wa kankan kí ẹ tó lọ. Tí ẹ bá dé, kí ẹ wá ka èyí.

Ọlọ́pàá tó sọ pé òfin ò ní kóun dá sí ọ̀rọ̀ inú ilé, irọ́ ló pa. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé láti 2007. Ní 2015, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin VAPP, òfin tó ka híhu ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, tó de Abuja, àwọn ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Èkìtì ti ṣáájú, wọ́n ti ní tiwọn láti 2011. Kó tiẹ̀ tó di pé àwọn òfin wọ̀nyí dé, ẹni tó bá na ẹlòmíì ní wáyà ti dá ọ̀ràn. Kò sí ibì kankan nínú òfin ọ̀daràn tiwa ní gúúsù tó ní tó bá ti jẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló nà, ọ̀ràn náà ò sí mọ́. Òfin Penal Code ti òkè Ọya nìkan ló ní gbólóhùn tó fún ọkọ láyè láti "bá ìyàwó wí", níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣe é léṣe tó le. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ń gbé èrò yẹn kiri bí ẹni pé gbogbo Nàìjíríà ló kàn.

Ẹ wo ohun tí òfin VAPP gbé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Tí wọ́n bá fi ìwà ipá abẹ́lé sun ọlọ́pàá, ó ní kó ran ẹni náà lọ́wọ́ láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Ó ní kó wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn, tàbí síbi tó lè sá sí, tó bá nílò rẹ̀. Ó ní kó ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Ó tún ní kó tẹ̀ lé e padà sílé tó ti ń bọ̀ kó lọ kó ẹrù ara ẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tó ń yọ yín lẹ́nu gan-an lòfin ti rò tẹ́lẹ̀: ìwé ẹ̀rí, káàdì báǹkì, aṣọ ọmọ. Nínú òfin yẹn kan náà, ẹni tó bá lu ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3 tàbí kó san ₦200,000, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá fi agbára lé e jáde nílé, ọdún 2 tàbí ₦300,000. Èkó ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń lé kò yàtọ̀ síra: ẹ lè lọ sí kóòtù lọ gba àṣẹ ìdáàbòbò tó máa ní kí ọkọ má sún mọ́ ọn, kó má wá síbi iṣẹ́ ẹ̀, kó má pè é lórí fóònù. Tó bá rú u, wọ́n lè mú un nítorí èyí nìkan.

Lókè gbogbo èyí ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 wà. Ìpín 34 ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fìyà tó ń tàbùkù èèyàn jẹ ẹnikẹ́ni. Ìpín 42 ní wọn ò gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ torí pé obìnrin ni. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, CEDAW, ní 1985, ó sì fọwọ́ sí ìlànà Maputo ti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin ní 2004.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní orí bébà nìkan ni gbogbo èyí wà. Ní 2018, kóòtù ECOWAS dá ẹjọ́ obìnrin Nàìjíríà kan tí àfẹ́sọ́nà ẹ̀, tó jẹ́ ọlọ́pàá, ṣe léṣe ní 2012, tí iná jó o lójú àti lára. Àwọn ọlọ́pàá ò ṣe ìwádìí tó ní láárí, ẹjọ́ náà ò sì dé ibì kankan nílé. Kóòtù ní Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti rí ìdájọ́ òdodo dù ú, wọ́n ní kí ìjọba san ₦15 mílíọ̀nù fún un. Owó náà ò lè dá ojú ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdájọ́ yẹn sọ ni pé bí ọlọ́pàá bá jókòó tí kò ṣe ìwádìí, ìjọba fúnra ẹ̀ ló jẹ̀bi.

ÌyáSájẹ́ǹtì (mo ti fẹ̀yìn tì)

Mo ki gbogbo yín. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe tí mo fi dàgbà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì lò nídìí ẹjọ́ obìnrin àtọmọdé, láti ìgbà tí a ṣì ń pè é ní JWC kó tó di Family Support Unit àti Gender Desk. Agbẹjọ́rò ti sọ òfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí ní káńtà, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń kú.

Ẹ̀gbọ́nAdùnní, ìwé tí ọkọ kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó sọnù. Wọ́n rò pé àwọn fi lé yín lọ ni. Ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò ní lu ìyàwó òun mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lù ú. Ó buwọ́ lù ú lójú ọlọ́pàá, ọjọ́ àti orúkọ sì wà lórí ẹ̀. Àgọ́ yẹn ló wà. Kí agbẹjọ́rò yín kọ̀wé sí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, kó béèrè ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Inú mi dùn pé àbúrò yín náà fọwọ́ sí i.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ padà lọ, ẹ má lọ lálẹ́. Ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tí DPO wà lórí àga, ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn dání. Ẹ má dúró bá ẹni tó wà ní káńtà ṣàròyé, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ọlọ́pàá Gender Desk. Tí wọ́n bá ní ọlọ́pàá yẹn ò sí, ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO. Kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sínú dáyàrì lójú yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, aago tí wọ́n kọ ọ́, àti orúkọ IPO, ọlọ́pàá tó máa ṣe ìwádìí, tí wọ́n gbé e fún. Ẹjọ́ tí kò ní nọ́ńbà, kò sí.

Sítétímẹ́ǹtì wá ni ohun tó ṣe pàtàkì jù. Àbúrò yín lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni tó ń kọ ọ́ kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Èyí tí mo máa ń rí nínú fáìlì ni "èmi àti ọkọ mi jà". Ọlọ́pàá tó bá rí ìyẹn máa ní àwọn méjèèjì ló da àdúgbò rú, á ti àwọn méjèèjì mọ́lé. Kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ọjọ́ wo ni, aago mélòó, yàrá wo, kí ló mú lọ́wọ́, ibo ló ti bà á, ọwọ́ kan tàbí méjì ló fi dì í lọ́rùn, báwo ló ṣe pẹ́ tó, àwọn wo ló já ilẹ̀kùn. Kó sọ ti àwọn ìgbà tó ti kọjá náà, èyí tó bá rántí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọkọ fi ń lérí pé òun máa dáná sun ún, kí ó wà nínú ẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ lórí fóònù.

Tí àgọ́ náà bá tún kọ̀, ẹ gba Area Command lọ, tàbí Gender Unit ní oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá Èkó, Ìkẹjà. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá láti 2015. Ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá tí ẹ bá ní orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti aago tí ẹ dé ibẹ̀.

Ó máa ń dùn mí. Àwa obìnrin inú iṣẹ́ náà mọ bó ṣe ń rí. Títí di 2012 tí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé e, ìlànà kan wà pé ọlọ́pàábìnrin ní láti kọ̀wé gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó lè lọ́kọ, wọn ò sì béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ibi tí wọ́n ti ń lo obìnrin inú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè mọ ojú tí wọ́n máa fi wo obìnrin tó bá wọlé wá pẹ̀lú ojú tó wú.

Láídé_Abẹ́òkúta

Mọ̀ọ́mì, ìbéèrè kan. Wọ́n máa ń béèrè owó epo ọkọ̀ kí wọ́n tó lọ mú ẹni tí wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Tí a ò bá fún wọn ńkọ́?

ÌyáSájẹ́ǹtì (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ọ̀fẹ́ ni gbígba ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ ni mímú ẹni tó dá ọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni bélì. Mi ò ní tàn yín pé wọn kì í béèrè. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ pe DSVA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé, mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n bá mọ̀ pé ojú ìjọba wà lára fáìlì, owó epo kì í sábà wáyé.

Àdùkẹ́_Adó

Èkìtì ni èmi wà. Mo ti wà nínú irú ẹ̀ rí, mo sì jáde. Ní tèmi, àwọn obìnrin àdúgbò ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí Moremi Clinic níbí ní Adó, wọ́n tọ́jú mi, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ la ti lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàábìnrin tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ò bi mí pé kí ni mo ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé omi fún mi, ó ní, "Ibo lo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀?" Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn láyé. Mo ń sọ ọ́ kí àwọn ọlọ́pàá tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ohun tó gbà ò pọ̀: ilẹ̀kùn kan tó ń tì, àti ẹnì kan tó máa gbọ́rọ̀ tán.

BàbáÒṣogbo, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Èmi ni wọ́n ń pè ní dalémosú ládùúgbò yìí. Mo wà láàyè, mo ń ta aṣọ, àwọn ọmọ mi ń lọ sílé ìwé.

BàbáÒṣogbo

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi, mo sì dúpẹ́ pé o wà láàyè. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà kí ọmọ òun kú sílé ọkọ. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé obìnrin mìíràn lè purọ́ mọ́ ọkọ. Ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́, àbí?

Agbẹjọ́ròYéwándé

Ó ní, sà. Wọn ò gbọ́dọ̀ nà án ní àgọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò, ìpín 35 òfin orílẹ̀-èdè wa sì ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ó sinmi lórí bí kóòtù ṣe jìnnà tó. Òfin VAPP fúnra ẹ̀ ò dárúkọ obìnrin nìkan, ọkọ tí ìyàwó ń lù lè lò ó. Ìdí tí mo fi ń bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ kí wọ́n sì ṣe ìwádìí nìyẹn. Ìwádìí ló ń fi irọ́ hàn, òun náà ló ń fi òótọ́ hàn. Lílé èèyàn lọ sílé ò fi nǹkan kan hàn.

Lórí pé kí ìdílé jókòó, ẹ rántí Osinachi, olórin ẹ̀mí tó kú ní Abuja ní April 2022. Ẹ̀yìn ikú ẹ̀ ni àwọn tó sún mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n ti ń rí. April 2025 ni kóòtù ní Abuja dájọ́ ikú fún ọkọ ẹ̀. Kóòtù ṣiṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti lọ. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àwọn ìdílé ní 2018, 31% àwọn obìnrin Nàìjíríà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ní wọ́n ti fi ọwọ́ ipá kan àwọn láti ìgbà táwọn ti pé ọdún 15. Lára àwọn tí ìwà ipá ti bá, 55% ni kò wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ní káńtà lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n lo ìgboyà lè mú kí ọ̀pọ̀ má padà síbẹ̀ mọ́.

Tọ́lá_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún àwọn obìnrin wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń kà á. Ohun tí ọkọ máa ń fi dẹ́rù bà wọ́n níbí ni físà: "Tó o bá pe ọlọ́pàá, wọ́n á dá ẹ padà sí Nàìjíríà." Tó bá jẹ́ físà ọkọ lo fi wọlé, tí ìgbéyàwó sì tú nítorí ìwà ipá, òfin fún ọ láyè láti béèrè ìwé ìgbélùú ní orúkọ ara ẹ. Kó tó jáde, o lè gba àyè oṣù mẹ́ta tí wàá fi lè rí ilé àti owó ìrànwọ́ ìjọba gbà. Ẹ wá agbẹjọ́rò ìwọlé-wọ̀dè kí ẹ tó fi ìwé kankan sílẹ̀. Tí o bá pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì níbí, lórí fóònù alágbèéká tí o ò lè sọ̀rọ̀ torí ó wà nítòsí, tẹ 55 tí wọ́n bá ní kí o tẹ̀ ẹ́, wọ́n máa so ẹ́ pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá. Láti 2015 sì ni ìdarí tó ń há obìnrin mọ́lé ti di ọ̀ràn níbí, ká gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, ká máa ṣọ́ fóònù ẹ̀, bí kò tiẹ̀ lù ú. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni 0808 2000 247.

Ẹ̀gbọ́nAdùnní

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ní ìròyìn, ó dùn, ó sì korò.

Ilé ìwòsàn dá àbúrò mi dúró, wọ́n yẹ ọrùn ẹ̀ wò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣan náà ò ya. Gbogbo ẹ̀ wà nínú káàdì. A pe 08000333333 ti àjọ DSVA Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó gbé e bá àbúrò mi sọ Yorùbá, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ó fi tán. Wọ́n bá wa kọ̀wé, a sì lọ bá DPO láàárọ̀ bí ìyá ṣe sọ. A gba nọ́ńbà. Ọlọ́pàábìnrin méjì tẹ̀ lé àbúrò mi lọ sílé, wọ́n dúró ní pálọ̀ títí ó fi kó ìwé ẹ̀ àti ẹrù àwọn ọmọ. Ọkọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, kò lè sọ nǹkan kan.

Èyí tó korò: ọkọ ti lọ sí àgọ́ mìíràn, ó ní àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbá òun létí, pé ó sì jí àwọn ọmọ gbé. Wọ́n pe àbúrò mi, ó lọ, wọ́n dá a dúró. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láti gba bélì ẹ̀, wọ́n ní obìnrin kì í ṣe onídùúró, kí n lọ mú ọkùnrin wá. Ọkọ mi wà ní ìrìn àjò. Títí di ìrọ̀lẹ́ la fi wà níbẹ̀, kí wọ́n tó gba ọmọkùnrin ìyá-ilé mi tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Èmi tí mo tọ́ àbúrò mi dàgbà, èmi tí mo níṣẹ́, tí mo nílé, wọ́n ní mi ò tó.

Agbẹjọ́ròYéwándé

Ẹ̀gbọ́n, inú bí mi gan-an bí mo ṣe ń kà á. Òfin ACJA 2015, òfin lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́ bí onídùúró. Ìpín 167 ni. Ìpín 42 ti mo sọ lókè náà tún kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín àti aago, kí ẹ kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn tó máa lọ sọ́dọ̀ Kọmíṣọ́nà. Ẹ tún lè fi ránṣẹ́ sí Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀, wọn kì í gba owó.

Ẹ̀sùn tí ọkọ lọ fi sùn, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kò jí wọn gbé. Ẹ ní kí DPO àkọ́kọ́ kọ̀wé sí àgọ́ kejì pé fáìlì wà lọ́wọ́ òun, pé ẹ̀sùn tòun ló ṣáájú. Ọjọ́ àti aago tó wà nínú dáyàrì ló máa gbà yín níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nAdùnní

Ẹ ṣé, agbẹjọ́rò wa. Ìbéèrè mi tó kù: ilé-ìwé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa lọ mú àwọn ọmọ níbẹ̀ tí wọ́n bá jáde.

ÌyáSájẹ́ǹtì (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ fi ìwé kúkúrú sílẹ̀ tó sọ orúkọ àwọn tó lè wá mú wọn, kí ẹ so nọ́ńbà ẹ̀sùn mọ́ ọn. Ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì náà, torí olùkọ́ ló ń dúró ní géètì. Tó bá dé ibẹ̀, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767.

Agbẹjọ́ròYéwándé

Tí a bá ń kọ̀wé fún àṣẹ ìdáàbòbò, a máa fi ilé-ìwé àti ibi iṣẹ́ àbúrò yín sínú ẹ̀ ní orúkọ wọn, kí ọlọ́pàá tó bá kà á má ní ohun tó máa béèrè. Ọ̀rọ̀ ta ni àwọn ọmọ máa bá gbé, kóòtù ló máa pinnu ẹ̀, ohun tó dáa jù fún ọmọ ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó sì ní kí wọ́n wò. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé-ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn, fọ́tò, fóònù tí àtẹ̀jíṣẹ́ wà lórí ẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wá. Ti ẹ̀dà ìwé tí ọkọ kọ, mo ti kọ lẹ́tà sí DPO láàárọ̀ yìí.